Télọ̀ Wá Wọn Kẹ̀kẹ́

Kò sí èjìká tàbí ìbàdí tí Télọ̀ yìí ò tíì fi téèpù wọ̀n ládùúgbò rẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, òun gan-an ni wọ́n fẹ́ wọ̀n. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyàwó rẹ̀, obìnrin kan tó ń to kẹ̀kẹ́ fún àwọn eléré ìje, kó lè bá a to èyí tó máa gbé lọ síbi eré alápá mẹ́ta: ẹ ó kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ lódò, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́ títí oòrùn á fi yẹ àtàrí, ẹ ó sì tún fẹsẹ̀ sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ́dún tó kọjá, mọ́tò tó ń ṣa àwọn tó gbẹ́yìn ló gbé Télọ̀ dé. Ó ti wá búra pé tọdún yìí, ẹsẹ̀ òun lòun máa fi wọlé. Láti ẹnu ọ̀nà ló sì ti fa ikùn sínú.

"Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Wọ̀n mí kíá."

"Kí ló dé tí ohùn yín rí báyìí?"

"Ohùn ọkùnrin tó ti ṣe tán ni."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n wá téèpù mi." Oníkẹ̀kẹ́ ṣí dúrọ́ọ̀, ó tì í, ó ṣí òmíràn. "Níbo ni mo tiẹ̀ gbé e sí? Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ùn."

"Àwọn ọmọ náà ńkọ́?"

"Ùn."

"Ṣé ọwọ́ iṣẹ́ dí? Àwọn oníbàárà ṣì ń yọ yín lẹ́nu?"

Télọ̀ fi orí dáhùn. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Ọrùn obìnrin náà ni téèpù wà, ó sì ń mì dirodiro níwájú rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá fa ikùn sínú ò gbọ́dọ̀ lanu. Oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Ó gbé táyà kan kúrò, ó tún dá a padà síbi tó wà.

"Ó lè jẹ́ pé ilé ni mo gbàgbé ẹ̀ sí. Bọ̀dá, ẹ dúró báyìí, kí n sáré délé kí n dé."

"Ó wà lọ́rùn rẹ!"

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde, bẹ́ẹ̀ ni ikùn náà bọ́ síta bọ̀ọ̀.

"Háà! Òun rèé. Ẹ ṣé, Bọ̀dá. Ikùn yín náà ti dé. Ẹ kú àbọ̀ o."

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni!"

"Ta ló kọ́ mi? Lọ́jọ́ tí mo wá rán gáùn lọ́dọ̀ yín, kí lẹ sọ? Ẹ ní, 'Mí síta, ọmọ yìí, abẹ́rẹ́ ò mojú.'"

"Aṣọ nìyẹn. Tí mi ò bá wọn ikùn mọ́ aṣọ, aṣọ á ya. Kẹ̀kẹ́ kì í ya."

"Òótọ́ ni, kẹ̀kẹ́ kì í ya. Ẹ̀yin lẹ máa ya."

Télọ̀ fìbínú jókòó sórí àpótí, ó ń wo àwọn férémù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi kọ́ òkè àjà. Ó nawọ́ sí ọ̀kan.

"Pupa yẹn ni mo fẹ́."

"Ó tóbi jù fún yín."

"Kò burú. Tó bá tóbi, ká fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ká ṣẹ́ ẹ létí."

"Bọ̀dá, kẹ̀kẹ́ ni o."

"Iṣẹ́ kí lo wá kọ́? Ohun tó bá tóbi, à ń dín in kù ni."

"Èyí tó jẹ́ ìwọ̀n yín ni aláwọ̀ eérú yìí."

"Àwọ̀ eérú kẹ̀? Ṣé òkú ni mò ń lọ sin ni?"

"Pẹ̀lú bẹ́ ẹ ṣe wọlé lọ́dún tó kọjá, kò jìnnà sí i."

Oníkẹ̀kẹ́ gbé férémù eérú náà sórí irin kan tó dì í mú típẹ́típẹ́ kó má lè rìn. Ó fi ìjókòó sí i, ó fi pẹ́dà sí i. Níkẹyìn, ó de ọwọ́ gígùn méjì mọ́ iwájú, irú èyí tó yọ síta bí ìwo, tí àwọn eléré ìje máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé.

"Kí ni mò ń fi èyí ṣe?"

"Ẹ ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, ẹ ó dọ̀bálẹ̀."

"Fún ta?"

"Fún afẹ́fẹ́. Òun ni àgbà ojú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá dọ̀bálẹ̀ fún un, á jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá."

"Áà, mo wá láti ilé ire o! Gbé iwájú ẹ̀ wálẹ̀ sí i. Gbọọrọ ni mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀."

"Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ gbọ́dọ̀ lè pẹ́ nílẹ̀ o, Bọ̀dá. Àgbà yìí kì í tètè ní kéèyàn dìde."

"Mo ní kó o gbé e wálẹ̀."

Ó gbé e wálẹ̀. Télọ̀ gun kẹ̀kẹ́, ó nà lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa pẹ́dà. Gbì. Gbì. Gbì.

"Kí ló ń dún?"

"Ṣéènì ni. Fi epo díẹ̀ sí i."

"Bọ̀dá, mi ò tíì fi ṣéènì sí i."

Gbì. Gbì.

"Á jẹ́ pé pẹ́dà ni."

"Orúnkún yín ló ń kan ikùn bí ẹni ń kanlẹ̀kùn."

"Máa kàn án lọ. Á ṣí tó bá yá."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé iwájú ẹ̀ sókè fún yín."

"Láéláé! Kí n wá jókòó sangbọndan bí ẹni tó ń retí oúnjẹ? Kí ni aráyé á wí?"

"Lọ́dún tó kọjá, ṣebí nílẹ̀ ni iwájú wà. Báwo lẹ ṣe gùn ún?"

"Mo dọ̀bálẹ̀."

"Ó pẹ́?"

"Ó pẹ́ díẹ̀."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ń ro mí. Mo gbé ara sókè, kó lè rọlẹ̀."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo sọ̀ kalẹ̀. Igi kan wà níbẹ̀ tó ní ibòji."

"Lẹ́yìn náà?"

"Ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù. Oorun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Kí obìnrin yìí má bàa tún rí nǹkan béèrè, Télọ̀ yára nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ dúdú kan tó fara ti ògiri, tí wọ́n ti tò parí, tó ń dán yinrin.

"Wo ìyẹn. Ṣé o rí bí iwájú ẹ̀ ṣe wálẹ̀? Irú ẹ̀ gan-an ni kó o ṣe fún mi."

Oníkẹ̀kẹ́ húkọ́. "Oníbàárà kan ló ni ín."

"Akọni ni onítọ̀hún. Ó hàn. Ìyàwó ẹ̀ á máa fi yangàn káàkiri."

"Kò níyàwó."

"Irú ọkùnrin báyìí?"

"Ọkọ ló ní."

Télọ̀ dá pẹ́dà dúró. "Obìnrin ni? Ọkọ ẹ̀ wá gbà fún un?"

"Ọkọ ò tíì mọ̀."

Ẹ̀rín tí Télọ̀ rín, irin tó di kẹ̀kẹ́ mú fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan wà láyé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ burú ju tòun lọ.

"Ìyàwó ẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri, kò mọ̀! Ilé ta ló ń sùn? Sùẹ̀gbẹ̀ ọkọ!"

"Ẹ má bú u, Bọ̀dá. Èèyàn dáadáa ni."

"O mọ̀ ọ́n?"

"A jọ máa ń kíra."

"Bá mi kí i. Sọ fún un pé Télọ̀ ní kó la ojú ẹ̀."

"Ó máa gbọ́."

Télọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó lọ wo kẹ̀kẹ́ dúdú náà dáadáa. Ó fọwọ́ pa férémù. Wọ́n so àpò kékeré kan mọ́ ọn lókè, níbi tí èèyàn lè máa kó ohun jíjẹ sí lójú ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àpò náà. Ó yí etí rẹ̀ síta, ó fi èékánná tọ ojú rírán.

"Ta ló rán èyí?"

"Bọ̀dá, ẹ fi sílẹ̀, ó máa dọ̀tí."

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí! Ìyàwó mi ló ní kí n rán an. Ó ní kọ́kọ́rọ́ lòun fẹ́ máa kó sí i."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ó wá tà á fún obìnrin yìí?"

"Rárá o."

"Ó fún un lọ́fẹ̀ẹ́? Ṣé wọ́n sún mọ́ra ni?"

"Wọ́n sún mọ́ra gan-an ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe sún mọ́ra tó?"

"Bàtà kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀."

Télọ̀ wo àpò, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń wo òkè àjà bíi pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ó rọra jókòó sórí àwọn táyà tí wọ́n tò jọ.

"Sùẹ̀gbẹ̀ ọkọ," ó ní.

"Mo ti bá yín kí i, Bọ̀dá."

"Ó ní ìpàdé àdúrà òwúrọ̀ lòun ń lọ!"

"Kò parọ́. Ẹni tó bá ń gun òkè tó wà lọ́hùn-ún yẹn, àdúrà ló kù tó lè gbà."

"Tó bá dé, òógùn á rin aṣọ ẹ̀ gbindin. Èmi á máa sọ fáwọn ọmọ pé àdúrà ìyá wọn gbóná."

"Ó gbóná lóòótọ́."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

Oníkẹ̀kẹ́ gbé sípánà sílẹ̀. Láti ìgbà tí Télọ̀ ti wọlé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò fi ẹ̀fẹ̀ dáhùn.

"Ẹ ò rí i lọ́jọ́ yẹn, Bọ̀dá. Ibi tí eré parí sí ló dúró sí tó ń retí yín. Wọ́n kó àga ńlẹ̀, ó dúró. Wọ́n tú àgọ́, ó dúró. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bi bóyá wọ́n rí ọkọ òun. Nígbà tí mọ́tò máa gbé yín dé, ẹ ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Wọ́n fún mi ni. Gbogbo àwa tá a wà nínú mọ́tò ni wọ́n fún."

"Ó ní òun ò ní tún dúró sójú kan kóun máa dààmú mọ́. Ó ní òun náà á gun kẹ̀kẹ́, tí nǹkan bá ṣe yín lọ́nà, òun á ti wà nítòsí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Télọ̀ lára. Ojú tì í, àánú ìyàwó rẹ̀ sì ṣe é débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún síbẹ̀.

"Nítorí tèmi ló ṣe wọ eré."

"Nítorí yín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá, eré wọ̀ ọ́ lára. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ti gbàgbé yín."

"Ó yára tó bẹ́ẹ̀?"

"Bọ̀dá, ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀."

"Á jẹ́ pé á tún ṣáájú mi parí. Á tún dúró, á tún máa bi wọ́n léèrè mi."

"Tẹ́ ẹ bá tún rí igi tó ní ibòji, bó ṣe máa rí nìyẹn."

Télọ̀ dìde. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ìwo kẹ̀kẹ́ eérú. Ó mí síta gan-an, ó jẹ́ kí ikùn jókòó síbi tó bá wù ú.

"Ó yá. Wọ̀n mí bí mo ṣe rí."

Obìnrin náà wọ̀n ọ́n láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìbàdí, kò sì sọ ohunkóhun tó lè dun èèyàn. Ó tú ọwọ́ iwájú, ó gbé e sókè, ó dè é padà. Télọ̀ gùn ún, ó dọ̀bálẹ̀ níwọ̀nba, ó wa pẹ́dà. Kò sí ohun tó dún. Ó wà á títí, ẹ̀yìn ò ro ó, ó ṣì ń wà á.

"Ṣé ó bá yín lára mu?"

"Ó bá mi mu. Gbé e sókè sí i."

"Ó ti tó báyìí, Bọ̀dá. Tó bá ju báyìí lọ, afẹ́fẹ́ á ní ẹ ò kí òun."

"Kó bínú. Gbé e sókè débi tí mo ti lè máa rí ẹ̀yìn ìyàwó mi níwájú, kó má bàa sọ nù mọ́ mi lójú."

Oníkẹ̀kẹ́ wo kẹ̀kẹ́ dúdú tó wà lára ògiri. Ó wo Télọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbé sípánà sílẹ̀.

"Ìyẹn ti kúrò ní iṣẹ́ oníkẹ̀kẹ́, Bọ̀dá. Ẹ lọ ra awò tí wọ́n fi ń wo òṣùpá."