Ìkéde Àtúnṣe Lórí Ọ̀rọ̀ Ìlà, Ilà àti Ilá ní Ìdí-Ọ̀gán

Kò-ǹ-gò! Kò-ǹ-gò!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ọ̀gán, ẹ gbọ́ o! Onílé gbọ́, àlejò gbọ́! Ẹni tó ń yan ẹ̀pà, ẹ dúró ná! Ẹni tó ń ta ayò, ẹ dáwọ́ dúró! Ọláníyọnu akéde yín ló tún dé o! Ẹ má sá! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sá! Ti òní kò kan ojú ẹnikẹ́ni!

Kábíyèsí Ọlọ́gán ní kí a kí yín. Ó ní kí gbogbo ẹni tó fi osùn kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ fọ̀ ọ́ kúrò. Ó ní kí Bàbá Ajíṣafẹ́, olóòlà tó ti fẹ̀yìntì láti ogún ọdún, dá abẹ padà sínú àpò. Ó ní kí Ìyá Ọmọ́tádé yé da epo pupa sórí ilá tútù lóko. Ilá kò ṣẹ̀ ẹ́!

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Arínpé ọmọ Láwọyin, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ààfin, ló ya àwòrán bí omi odò wa ṣe ń lọ sílẹ̀ láti ọdún méjìlá. Iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n ìlà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn! Kábíyèsí wò ó títí, ó yí ìwé náà po, ó ní òun kò rí odò kankan níbẹ̀. Arínpé ní kò le. Ó ní nínú ẹ̀rọ òun, agboolé agboolé ni nǹkan ń gbé. Àwọn ìlà wà ní Agboolé Ìlà. Àwọn lẹ́tà wà ní Agboolé Lẹ́tà. Àpótí kékeré tó ń sọ ìtumọ̀ àwọ̀ wà ní Agboolé Àlàyé. Èèyàn kì í lọ bẹ ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ agboolé ni yóò pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yóò ní kí ó nípọn, kí ó pupa, gbogbo ará ilé yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Inú Kábíyèsí dùn! Inú Kábíyèsí dùn ju bó ṣe yẹ lọ! Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti wà lórí oyè, agboolé kan kò tíì gbọ́ràn bẹ́ẹ̀ sí òun lẹ́nu rí. Ó ní kí wọ́n kéde rẹ̀, kí ará ìlú lè fi Agboolé Ìlà kọ́gbọ́n.

Arínpé bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Ọláníyọnu. Ohun tó kọ rè é: «Gbogbo ila gbodo nipon, ko si pupa. Bere lati oni.» Kò sí àmì ohùn! Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá a dá a bó ṣe tọ́. Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀yin náà, kí ni ẹ ó kà? Ọláníyọnu ka ilà. Ilà ojú! Ó sì ké e ní oríta márààrún. Ìdajì ìlú gbọ́ ilà, wọ́n fi osùn kun ojú, wọ́n gba ilé olóòlà lọ. Ìdajì gbọ́ ilá, wọ́n gba oko lọ. Arínpé nìkan ló gbọ́ ìlà, ẹkún ló sì ń sun. Àwọn àlejò ìjọba tó ń bọ̀ wá wo àwòrán odò, kí wọ́n lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa, dé ẹnu bodè. Ojú pupa mọ́kànlélọ́gọ́rin ló pàdé wọn. Wọ́n yí mọ́tò padà!

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní àwọn yóò tún gbìyànjú. Nítorí náà, àṣẹ tuntun rè é o!

Àṣẹ kìíní! Ìlà ni o! Kì í ṣe ilà! Kì í ṣe ilá! Ìlà inú àwòrán Arínpé! Dò-dò ni! Ẹ pè é tẹ̀lé akéde: dò-dò! Ẹni tó bá pè é ní re-dò yóò pọnmi kún ìkòkò ààfin fún ọjọ́ méje. Ẹni tó bá pè é ní re-mí yóò pọn ọ́n fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, yóò sì jẹ gbogbo ilá tí Ìyá Ọmọ́tádé ti bà jẹ́.

Àṣẹ kejì! Agboolé Lẹ́tà, kí ó tóbi! Agboolé Àlàyé, kí ó lọ dúró ní igun òkè lápá ọ̀tún, kí ó má jókòó lé odò lórí! Inú àwòrán ni èyí náà o! Ẹ̀yin ará agboolé Jagun létí odò, tí ẹ ti gbọ́ èyí láti ààfin tí ẹ sì ti ń di ẹrù láti kó lọ sí òkè lápá ọ̀tún ìlú, ẹ tú ẹrù yín.

Àṣẹ kẹta! Arínpé ní àṣẹ agboolé kì í yí ohun tí a ti yà ṣáájú rẹ̀ padà. Èyí tó ti wà lórí ìwé ti wà lórí ìwé. Ọláníyọnu gbọ́ èyí, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tó wà níwájú ti rí i: mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, wọ́n nípọn, wọ́n sì pupa. Òun nìkan ni abẹ Bàbá Ajíṣafẹ́ kàn kí ọ̀rọ̀ tó yé ààfin. Akéde tí kò bá kọ́kọ́ ṣe ohun tó ké, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ó ń ta á o. Ó ń ta á gan-an.

Àṣẹ kẹrin! Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń dá gbogbo agboolé padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kábíyèsí ti sọ ọ́! Ó dárí ji gbogbo agboolé tó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́! Gbogbo agboolé pátá! Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fi orúkọ ara rẹ̀ pè, àṣẹ orúkọ rẹ̀ ló borí ti agboolé rẹ̀.

Àṣẹ karùn-ún! Ohun tí agogo bá ti ké, òfin ni! Kábíyèsí pàápàá kò lè gbé e padà, àfi kí agogo kan náà ké òmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún rán Ọláníyọnu jáde láàárọ̀ yìí. Ẹni tó bá jiyàn yóò jókòó ti Arínpé fún oṣù kan, yóò máa bá a fi àmì ohùn sórí gbogbo ohun tó bá kọ!

Ó ku ẹyọ kan. Àṣẹ kẹfà. Ìsinsìnyí ló wọlé sórí fóònù, níbi tí akéde dúró sí yìí. Ó ní: «Ni ti Olaniyonu to si i ke, e fun un ni igba.»

Arínpé! Arínpé ọmọ Láwọyin! Kò tún fi àmì sí i!

Ọláníyọnu kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù ń bà á. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pè, wọ́n ní ó ṣì í ké. Ìdáríjì agboolé kò kàn án mọ́. Bí ó bá jẹ́ re-re, igba ni: igba pàṣán! Bí ó bá jẹ́ re-mí, igbá ni: wọ́n á gba agogo, wọ́n á gbé igbá fún un kí ó máa fi tọrọ jẹ lójúlé. Bí ó bá jẹ́ dò-dò, ìgbà ni: wọ́n ní kí a fún un láyè kí ó fi tún ara rẹ̀ ṣe, agogo á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fi agogo yìí sílẹ̀ fún un. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Bàbá Ajíṣafẹ́, akéde rí yín o! Ẹ gbé pàṣán yẹn sílẹ̀!

Ọláníyọnu wo fóònù. Ó wo agogo. Ó rántí àṣẹ karùn-ún.

Kò-ǹ-gò! Kò-ǹ-gò! Ìgbà! Kábíyèsí ní kí ẹ fún un ní ìgbà! Dò-dò! Ẹ pè é tẹ̀lé akéde: dò-dò!

Agogo ti ké e! Ó ti di òfin! Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tí kò gbọ́, kó sì fi àmì sí i!