Ọpọlọ Tó Fo Ọgbà

Ìyá tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí tábìlì ìdáná, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọmọ rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ti ń fi wíńdò sílẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀, tí irùngbọ̀n ti yí ẹnu rẹ̀ ká, jókòó lórí àpótí nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń wo ṣẹ́ẹ̀tì náà bí ewúrẹ́ ṣe ń wo òjò tó ṣú. Láti ìgbà tó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọpọlọ àti ìwà ẹ̀dá ní yunifásítì ni gbogbo ilé ti ń pè é ní Ọ̀mọ̀wé.

Ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, Ọ̀mọ̀wé lọ kí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan tí Ìyá fẹ́ràn bí ẹyinjú. Bàbá Nọ́ọ̀sì fẹ̀rín bi í léèrè pé ìgbà wo ni ìgbéyàwó. Ọ̀mọ̀wé dìde, ó gba ìdáná wọn kọjá, ó fo ọgbà ẹ̀yìnkùlé, kò dúró mú bàtà. Iṣẹ́ ti wá ń gbé Nọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn ìlú mìíràn, ìrọ̀lẹ́ òní gan-an ni mọ́tò rẹ̀ ń gbéra. Ó ránṣẹ́ pé bí Ọ̀mọ̀wé kò bá dé kí òun tó lọ, kó má wulẹ̀ dé mọ́.

"Màámi, kì í ṣe èmi ni mo sá."

Áyọ́ọ̀nù dúró létí kọ́là. "Ta ló wá fo ọgbà?"

"Ọpọlọ mi ni."

"Ìwọ wà níbo nígbà tó ń fò ó?"

"Òun ló gbé mi dání."

Ọ̀mọ̀wé fa àpótí mọ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní nǹkan kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, kò ju kóró ẹ̀wà lọ, òun sì ni aṣọ́nà ara. Láyé ìgbà tí àwọn baba ńlá wa ń gbé nínú igbó, bí kìnnìún bá yọ, aṣọ́nà yìí á ké, ẹsẹ̀ á sì ti gbéra kí ẹlẹ́sẹ̀ tó mọ̀. Àwọn tó dúró rò ó wò, kìnnìún jẹ wọ́n. Àwọn tó sá ló ráyè bímọ. Ọmọ àwọn tó sá ni gbogbo wa.

Ìyá gbọ́ ọ délẹ̀. Ọlọ́run tó dá a kò bá a sọ ti inú igbó rí, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá rin ìrìn àjò ìwé, ó yẹ kó rí nǹkan kó bọ̀.

"Kìnnìún wo ló wà ní pálọ̀ wọn?"

"Ìbéèrè bàbá ẹ̀ ni. Aṣọ́nà yẹn ò mọ ìbéèrè yàtọ̀ sí kìnnìún."

"Bàbá tí kò léyín iwájú."

"Màámi, aṣọ́nà kì í ka eyín."

Ìyá yí ṣẹ́ẹ̀tì padà, ó dojú kọ apá òsì. Ó béèrè bóyá ọpọlọ kan ṣoṣo yìí náà ni Ọlọ́run fún un. Ọ̀mọ̀wé ní rárá o. Orí rẹ̀ wú bó ṣe ń sọ ọ́: ọpọlọ tuntun wà níwájú orí, òun ló ń ronú, tó ń ṣètò, tó ń mú àdéhùn ṣẹ, òun gan-an ni ògo ọmọ ènìyàn.

"Níbo lòun wà lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó fi dé, mo ti bọ́ sódì kejì."

"Ó ti dé báyìí?"

"Ó ti dé."

"Ó kú àbọ̀. Ní kó wá wọ ṣẹ́ẹ̀tì."

Ìyá na ṣẹ́ẹ̀tì sí i. Ọ̀mọ̀wé fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó tún fà sẹ́yìn, ó ní bàtà òun wà lọ́dọ̀ wọn.

"Bàtà rẹ ò sá," ni Ìyá wí. "Òun ló dúró nílé àna."

Ó wá rán an létí pé iṣẹ́ tó ń ṣe ni láti máa gba àwọn ọmọ ilé ìwé níyànjú. Bí ọmọ kan bá sá fún ìdánwò, ṣé ọ̀rọ̀ kìnnìún ló máa ń sọ fún un? Ọ̀mọ̀wé ní rárá, òun máa ń ní kó padà sí kíláàsì ni, torí ọpọlọ ọmọdé ṣì ń gba ẹ̀kọ́. Ìyá ní ó yé òun. Tirẹ̀ ti kún.

Ọ̀mọ̀wé rí i pé ilẹ̀ ń yọ̀, ó lọ sí gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó lè bá aṣọ́nà yẹn jà, torí ó ti wà kí ènìyàn tó dáyé. Alángbá gan-an ní in. Bí àgbàlagbà bá ń sá, alángbá inú rẹ̀ ló ń sá.

Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Nígbà tí oyún Ọ̀mọ̀wé wà nínú rẹ̀, kò sí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pa jẹ, wọ́n sì fi etí sí ikùn rẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó dárúkọ alángbá.

"Kó lè yé mi," ni Ìyá wí, "nígbà tó o dìde ní pálọ̀, kí lo sọ fún wọn?"

Ọ̀mọ̀wé wolẹ̀. "Mo ní ọ̀gá mi ń pè mí."

"Fóònù dún?"

"Kò dún."

"O gbé e sétí?"

"Mo gbé e sétí."

"Kí lò ń sọ sí i?"

"Mo ń sọ pé 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà.' Títí mo fi dé ìdáná."

"Ojú mi ń rí alángbá lára ògiri yìí lójoojúmọ́," ni Ìyá wí. "Mi ò tíì rí èyí tó dágbére fún ọ̀gá rẹ̀ kó tó sá. Alángbá ò mọ irọ́ pa, ọmọ mi. Ọpọlọ tuntun yẹn ló fo ọgbà."

Ọ̀mọ̀wé gbé ojú sókè, kò sì sí yunifásítì nínú ohùn rẹ̀ mọ́. Ó ní bí òun bá ń di ẹ̀bi ru àwọn baba ńlá, Ìyá ló kọ́ òun. Bí òun bá fọ́ àwo ní kékeré, Ìyá á ní ọwọ́ bàbá òun nìyẹn. Bí òun bá sùn kọjá àkókò, oorun bàbá ni. Bí òun bá ṣe ipò kìíní, ó di ẹ̀jẹ̀ ìyá.

"Mo kàn lọ wádìí ibi tí bàbá ti rí i ni," ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Ẹ̀yin náà lẹ sì máa ń fi ṣẹ̀rín pé bàbá sá lọ́jọ́ tí wọ́n ń retí ẹ̀ nílé yín. Tí mo bá fẹ́ Nọ́ọ̀sì tán, tá a bímọ tán, tí mo wá sá ńkọ́?"

Ìyá yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná. Kò mọ̀ pé ẹ̀rín tóun ń rín ti ń ta gbòǹgbò sínú ọmọ láti ọjọ́ yìí wá.

"Ìdajì ni mo ń sọ fún ẹ," ni Ìyá wí. "Ó sá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti padà dé, òógùn bò ó, ó sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Láti ìgbà náà, mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jáde díẹ̀ kí n ráyè gbálẹ̀, kò lọ."

Ojú Ọ̀mọ̀wé là. Irú ìtàn báyìí kò sí nínú ìwé rẹ̀. Kí ló lè dá ẹsẹ̀ tó ti gbéra padà? Ṣé ìfẹ́ ni? Àbí ọpọlọ iwájú orí ló ṣẹ́gun? Ó ń béèrè, Ìyá ń ki apá rẹ̀ bọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ń béèrè, Ìyá ń de bọ́tìnì. Ìyá rọra ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, Ọ̀mọ̀wé ń tẹ̀ lé e kí ìdáhùn má baà fo òun dá, títí Ìyá fi yà fún un lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn ìta.

"Màámi, ẹ ò tíì sọ ọ́. Kí ló dá bàbá padà?"

Kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn Ìyá ti inú ilé wá, jẹ́jẹ́.

"Ìyá rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."