Ọ̀pá Ìwọ̀ Wàsíù Tó Ń Rìn

Wàsíù ti lérí fún bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

"Bàbá, ọwọ́ ara mi ni màá fi ṣe ọ̀pá ìwọ̀. Ẹja odò Ògùn lẹ máa fi jẹun lọ́la!"

Bàbá Mùyìbátù, ahunṣọ òfì n'Ísẹ́yìn, tó ti ní òun ò ní fọmọ fún ọ̀lẹ, kàn ní, "A ó máa wò ó."

Ni Wàsíù ọmọ Kìṣí bá kó irinṣẹ́ wá sẹ́yìnkùlé àna rẹ̀, kí wọ́n lè rí òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò lè bẹ iṣu láìgé ọwọ́! Ó pọ́n ọ̀bẹ, fìrì-fìrì-fìrì. Ó fi irun apá rẹ̀ dán an wò. Irun lọ. Awọ tẹ̀ lé e.

"Ó mú!" Ó ń lá ẹ̀jẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n!

Ó fá ọparun títí tó fi ń dán. Ó ku kó fi òwú de àwọn òrùka tí okùn ìwọ̀ máa gbà kọjá, kó sì kùn ún ní fáníìṣì. Òwú dà? Ó rí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ìdì òwú pupa wà lórí rẹ̀.

"Wọ́n ti gbàgbé eléyìí."

Ó fa etí òwú, ó wé e mọ́ ọ̀pá láìgé e, ó sì kun ọ̀pá ní fáníìṣì. Ó ní òkúta á bá òun fà á le títí fáníìṣì á fi gbẹ. Ọgbọ́n ń pa á kú lọ! Kò mọ̀ pé òwú òfì ló gùn láti ibẹ̀ dé iwájú ilé, àti pé bí aṣọ bá ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni òkúta á máa wọ́ lọ bá ahunṣọ. Ta ló ń hun aṣọ ìgbéyàwó Mùyìbátù níwájú ilé? Bàbá ni.

Wàsíù kírun Àsárì tán, ó padà dé.

Wọ́ọ́... wọ́ọ́...

"Yéè! Ọ̀pá ń rìn!"

Ó fà á. Ọ̀pá fà á padà. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún fà á.

Níwájú ilé, Bàbá rí i pé aṣọ ń sá lọ. "Ewúrẹ́ ta ló wà nídìí òkúta mi?" Òun náà fà á!

Ẹ̀rín ń pa mí!

"Bìsìmílà!" Wàsíù yọ ọ̀bẹ, ó ṣá gbogbo òwú náà. Fáàà!

GBÌÌÌ! Bàbá ṣubú sẹ́yìn sínú ọpọ́n omi ewúrẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì lókè.

Ó yọ sí ẹ̀yìnkùlé, omi ń kán tó, tó, tó.

"Wàsíù, kí lo gé?"

Wàsíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, mo rò pé àlùjọ̀nnú ló ń fà á ni."

"Èmi ni àlùjọ̀nnú náà. Aṣọ ìyàwó rẹ lo gé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba Mùyìbátù lọ́wọ́ mi!"

"Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá ti so gbogbo òwú yìí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, o lè fẹ́ ẹ."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Wàsíù ṣì ń ta kókó. Bàbá gbé ọ̀pá ìwọ̀, ó gba odò Ògùn lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, ó jókòó ti àna rẹ̀, ó ń jẹ ẹja yíyan.

"Wàsíù, mo ti gbà pé o kì í ṣọ̀lẹ. Ọ̀pá yìí dáa gan-an."

Ó lá ìka, ó na egungun ẹja sí òwú.

"Kókó tìbẹ̀un ti tú."