Káàdì Inú Ata Dídì

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọjọ́ náà ni mo dúró nínú ilé ìdáná ẹlòmíràn ní Nunhead, ní ìlú London, tí mò ń ṣọ́ ata lórí iná bí ẹni tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Mo yá owó ní báńkì kan láti fi parí òrùlé ilé wa ní Iléṣà. Òrùlé parí, èlé orí owó náà kò parí. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi. Nígbà tí Kẹ́mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gbọ́, ó ní, "Aunty, kí lẹ dẹ̀ ń san èlé fún? Ẹ gba káàdì tí wọ́n fi ń yáni lówó láìsí èlé. Ilé iṣẹ́ káàdì máa san iye gbèsè yẹn sínú àkáǹtì yín, ẹ fi pa loan yẹn rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá máa dá owó káàdì padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á gba owó iṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó èlé yẹn. Ẹ má ṣáà fi ra nǹkan kan o, ẹ dẹ̀ má jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá."

Káàdì dé. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu, bí mo bá rí léèsì tó dára ní ọjà Rye Lane, ẹsẹ̀ mi a máa yà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, mo gba káàdì náà lọ́wọ́ ara mi, bí mo ṣe máa ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo fi í sínú ike áísìkirímù, mo da ata lílọ̀ bò ó, mo gbé e sínú fírísà. Èrò mi ni pé kí ata náà tó yọ́, ìfẹ́ léèsì á ti tutù. Gbogbo ike inú fírísà mi ni mo máa ń lẹ ìwé mọ́: ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí, ẹja. Èyí nìkan ni n kò kọ nǹkan kan sí, nítorí olè. Olè wo ló fẹ́ wá jí ata gbé ní Peckham tí mò ń gbé, n kò lè sọ.

N kò sì fẹ́ kánjú. Mo ní kí báńkì tó yá mi lówó kọ́kọ́ sọ iye tó kù gan-an, nítorí èmi kì í kọ ìdáhùn láìka ìbéèrè. Bí mo bá ti pè wọ́n, orin ni wọ́n ń fi sí mi létí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó dá mi lóhùn, Sátidé sì ni àǹfààní láti gba owó láìsí èlé lórí káàdì náà máa parí.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, mo ṣí fírísà. Ike ata náà kò sí níbẹ̀! Mo kó gbogbo ike jáde, mo tú ẹ̀fọ́, mo tú ẹ̀gúsí. Mo ṣí ọ̀kan, ẹnu yà mí: áísìkirímù gidi ló wà nínú rẹ̀. Omi yìnyín ti ń ṣàn lọ sí pálọ̀ kí n tó rántí ẹni tó mú un.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, bí báńkì ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, Alhaja, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Nunhead, wọlé. "Tíṣà, ata ti tán nílé mi, àwọn àna ọmọ mi dẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé." Kí báńkì má baà gé fóònù, mo kàn fi ẹnu júwe fírísà fún un. Bí wọ́n ṣe ń sọ fún mi iye tí mo máa fi káàdì san, bẹ́ẹ̀ ni káàdì ń gba ẹnu ọ̀nà mi jáde lọ.

Mo pe Alhaja, kò gbé fóònù. N kò dúró de bọ́ọ̀sì, bàtà ilé ni mo wọ̀ lọ. Bí n kò bá rí káàdì yẹn lọ́jọ́ náà, èlé ṣì ń dúró dè mí fún ọdún púpọ̀. Ohun tó tún burú ni pé èmi ni mo máa ń sọ fún Alhaja pé gbèsè kò yẹ ọmọlúàbí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?

"Alhaja, ata yẹn dà?"

"Ó wà lórí iná. Kí ló dé?"

"Mo kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Ẹ fẹ́ máàkì ata? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó féèlì o!"

Ata náà ṣì dúró bí òkúta láàárín ìkòkò. Mo na ọwọ́ sí ṣíbí, ó gbà á. "Ẹ jókòó, Tíṣà. Àlejò kì í ro ọbẹ̀ nílé mi."

"Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì da epo sí i."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, yìnyín là, ọ̀rá léfòó. Alhaja fi ṣíbí gbé e sókè. "Tíṣà! Irú ẹran wo nìyí?"

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: òrùlé, owó yíyá, èlé, àti pé ọjọ́ náà ni ọjọ́ ìkẹyìn. Alhaja rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé àpò ìrẹsì. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gbèsè ò yẹ ọmọlúàbí!" Lẹ́yìn náà ó pa iná, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ó yá, ẹ pe àwọn oníkáàdì kí wọ́n tó ṣíwọ́. Ọbẹ̀ àna lè dúró."

Káàdì náà ti ká létí kan, ṣùgbọ́n nọ́ńbà orí rẹ̀ ṣì hàn. Ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ káàdì bi mí bóyá káàdì náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi, ó ṣì gbóná díẹ̀. Alhaja ki ìborùn bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. Níkẹyìn, ọmọ náà ní owó ti ń lọ sínú àkáǹtì mi. Bó ti wọlé, mo fi pa gbèsè báńkì náà rẹ́.

A da ata yẹn nù, a sì jọ lọ sí Rye Lane láti ra tòmátò àti tàtàṣé tuntun fún àwọn àna. Nígbà tí mo fa owó yọ, ọmọ tó ń tajà ní, "Mummy, ẹ lè fi káàdì san án o." Èmi àti Alhaja wo ara wa. Ẹ̀rín tí a rín pọ̀ débi pé ọmọ náà ń nu ojú ara rẹ̀, ó rò pé nǹkan wà níbẹ̀.

Ó dára kí ènìyàn gbé gbèsè rẹ̀ lọ síbi tí kò ti ní èlé, ṣùgbọ́n kó tètè gbé e, kó má sì fi í pamọ́ fún ọ̀rẹ́ tó ń wọ ilé ìdáná rẹ̀. Ìwé ti wà lára gbogbo ike mi báyìí, títí kan ti ata. Oṣooṣù tí mo bá sì san lára owó káàdì, Alhaja a pè mí: "Tíṣà, ó ku ṣíbí mélòó nínú ọbẹ̀ yẹn?"

Mo máa ń sọ fún un pé ìkòkò ti ń gbẹ.