Òróró Tí Mo Ta sí Rọ́bọ́ọ̀tì Lójú

Ọjọ́ tí rọ́bọ́ọ̀tì kan tọpa mi káàkiri gbọ̀ngàn ní Àbújá lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, n ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní àdúgbò Kado. Nígbà tí Dàmilọ́lá, ọmọ kíláàsì àṣekágbá, ṣe rọ́bọ́ọ̀tì kan fún ìdíje, èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀ ìwé òfin fún un, torí wọ́n gbà pé mo gbọ́ òyìnbó. Ọdún kan gbáko lọmọ náà fi ṣiṣẹ́ yìí, kò sì ní láǹfààní àtidíje mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Òfin kẹsàn-án ní ohun olómi kankan ò gbọ́dọ̀ kan rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á fún un, pẹ̀lú ohùn líle. Síbẹ̀, láàárọ̀ ìdíje, mo yọ ìgò òróró àdúrà tí kì í kúrò nínú báàgì mi. Ọmọ náà rọra rán mi létí òfin.

"Omi àti epo ọkọ̀ ni wọ́n ń bá wí," mo dá a lóhùn bí amòfin tó mọṣẹ́. "Àdúrà lèyí."

Mo fi pa rọ́bọ́ọ̀tì lójú méjèèjì. Mo ní, "Olúwa, má fi mí sílẹ̀."

Ojú yẹn ló fi ń wá ìlà dúdú tó yẹ kó máa tẹ̀ lé lórí ilẹ̀. Wọ́n tàn án, ó dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ló rọra yí padà, ó kọjú sí mi, ó sì ń bọ̀. Mo yà sọ́tùn-ún, òun náà yà sọ́tùn-ún. Mo ń fẹ̀yìn rìn, kò yára, kò sì dúró. Lójijì ni iná ìjọba lọ. Nínú òkùnkùn, iná pupa méjì tó wà lójú rẹ̀ ń bọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo gun àga, mo ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù sórí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà fún.

Nígbà tí iná dé, ó ti fimú kan ẹsẹ̀ àga. Adájọ́ kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì gbójú sókè wò mí.

"Kai, Madam," ló kàn sọ.

Òróró ti bo ojú rọ́bọ́ọ̀tì. Ìlà tóóró ò hàn sí i mọ́, síkẹ́ẹ̀tì dúdú gbàràgàdà mi nìkan ló ń rí. Wọ́n yọ wá kúrò nínú ìdíje.

Nínú ọkọ̀, mo bẹ Dàmilọ́lá títí. Ojú fèrèsé ló ń wò. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi.

"Anti, àdúrà yín gbà. Kò fi yín sílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, òfin tí mo bá fẹ́ kà fún ọmọ, ara mi ni mo kọ́kọ́ ń kà á fún.