Wáyà Mọ́tò Ìjàpá Láṣebìkan

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ojú lè jọra, ẹ yẹ inú wò"? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Láṣebìkan ará Ìkirè ló fà á.

Ó ní mọ́tò ìjàpá kan, Fọ́sìwájìn ayé àtijọ́ ẹlẹ́yìn roboto, tó dàgbà ju ìyàwó rẹ̀ lọ, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ ju ìyàwó náà lọ. Nígbà tó sú Wúràọlá ìyàwó rẹ̀, ó kó ẹrù, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Gbọ̀ngán. Bàbá ránṣẹ́ sí Láṣebìkan pé ọjọ́ tí mọ́tò ọ̀hún bá gbé e dé ọ̀dọ̀ òun láìsí pé wọ́n tì í, ọjọ́ náà ni yóò mú ìyàwó rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n eku ti jẹ wáyà mọ́tò náà tán. Láṣebìkan bá lọ tú gbogbo wáyà lára ìjàpá mìíràn tó ti di pàǹtí, tí wọ́n ṣe ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tirẹ̀.

Múfú rewáyà, tó ń tún wáyà iná mọ́tò ṣe, ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń ṣe ìjàpá ti yí ètò wáyà rẹ̀ padà láàárín ọdún mẹ́fà yẹn o. Ẹ jẹ́ kí n máa dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀! Ṣebí ìjàpá ni méjèèjì? Pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ó parí!" Ó sì so ó fúnra rẹ̀.

Mọ́tò ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ bó bá tẹ bíréèkì, họ́ọ̀nù á ké. Bó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, wáípà á bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì gbígbẹ. "Kí ni mo fi ṣe ẹ́ gan-an?" ló ń bi mọ́tò náà títí ó fi dé Gbọ̀ngán. Gbogbo ayé ti sú u.

Bó ṣe tẹ bíréèkì níwájú Bàbá, họ́ọ̀nù ké, kò sì dákẹ́ mọ́. Ta ní í tẹ họ́ọ̀nù mọ́ àna rẹ̀? Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń kí Bàbá, Bàbá ò gbọ́ nǹkan kan. Ó dìde, ó fa wáyà kan tu. Omi tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì tú jáde, ó bá Bàbá lójú. Ó fa òmíràn tu, èéfín yọ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni họ́ọ̀nù tó dákẹ́.

"Ẹ dákun, Bàbá! Wáyà méjèèjì jọra ni, mo rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n!"

Bàbá rọra nu ojú rẹ̀. "Ìwọ náà, lọ́jọ́ tí o wá tọrọ ọmọ mi, o jọ ọmọlúàbí."

Wúràọlá fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, bí ọkùnrin bá wá tọrọ ọmọ ní Gbọ̀ngán, tó múra dáadáa, tó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, àwọn àgbà á kọ́kọ́ wo ara wọn, wọ́n á ní: "Ojú lè jọra, ẹ yẹ inú wò."