Akoto Tó Ń Rìn Létí Òkun

Ẹ gbọ́ ná, ta nínú yín ló mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí? Ẹ óò ní alákàn ni wọ́n wò. Rárá o. Orí Láoṣebíkan ni wọ́n wò.

Láoṣebíkan, Àrínpé ìyàwó rẹ̀ àti Dúródọlá ọmọ wọn ń gun kẹ̀kẹ́ lọ lórí iyanrìn líle tí omi òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀. Ìyá Àrínpé ni wọ́n ń lọ kí. Ojú màmá náà ti ń fọ́, ó sì fẹ́ rí Dúródọlá kí ó tó fọ́ tán. Òfin kan ni Àrínpé ṣe: orí tí kò bá dé akoto kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́. Bí akoto ẹnì kan bá sọnù, kí gbogbo wọn padà sílé.

Nígbà tí wọ́n pàgọ́ ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan tó ń ṣa ẹja tó sá sóòrùn jọ kí wọn. Ó ní, "A kì í da ojú igbá délẹ̀ níbí o. Ohun tẹ́ ẹ bá dà délẹ̀, ẹlòmíràn á wọ̀ ọ́."

"Ta ni ẹlòmíràn?" ni Àrínpé béèrè.

Obìnrin náà wo òkun, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láoṣebíkan rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ akoto rẹ̀, ó dà á délẹ̀ kí ìrì má baà wọ inú rẹ̀.

Ìkùukùu bo etí omi. Òkun tó ti ń pariwo láti àárọ̀ dákẹ́ bí ẹni tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

"Bàbá mi," ni Dúródọlá wí, "ẹ̀yin lẹ gbé akoto yín sún mọ́ omi?"

"Èmi kọ́."

Wọ́n wò ó. Kò mira. Wọ́n yíjú sí ìkòkò tó wà lórí iná, wọ́n tún wẹ̀yìn. Akoto ti wà lẹ́bàá kẹ̀kẹ́.

Àrínpé rọra ń wọ inú àgọ́. "Ẹnì kan wà nínú iyanrìn. Akoto yín ló dé sórí yẹn."

Ni akoto bá gbéra nílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn, kò sì sí ọrùn lábẹ́ rẹ̀. Ojú dúdú méjì yọ láti inú ihò rẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ Láoṣebíkan.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ, Bàbá Dúródọlá."

"Ká wá padà sílé? Òkú omi kankan ò lè dá mi padà."

Ó fa òpó àgọ́ yọ, àgọ́ wó bo ìyàwó rẹ̀. Ó ju òpó lu akoto. Ojú méjèèjì ti rí i, akoto yẹ̀. Òpó lu táyà kẹ̀kẹ́, ó ta padà, ó gbá Láoṣebíkan níwájú orí. Ó tún un ṣe, akoto tún yẹ̀, òpó tún gbá a. Ibi tó ti ń múra ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìgbì ti dé, ó yí akoto padà, ẹsẹ̀ alákàn ńlá kan sì hàn gbangba. Òkun gbé àti alákàn àti akoto lọ.

Dúródọlá bú sẹ́kún. "Màmá ò ní rí mi mọ́."

Àrínpé yọrí lábẹ́ àgọ́. Ó wo kókó tó wú níwájú orí ọkọ rẹ̀, ó wo ìkòkò. Ó da ẹ̀bà inú rẹ̀ sínú abọ́, ó fi omi tutù ṣan ìkòkò náà. "Akoto yín rèé. Ẹ tẹrí ba."

Báyìí ni Láoṣebíkan ṣe gun kẹ̀kẹ́ wọ ìlú àna rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tòun ti ìkòkò dúdú tí wọ́n fi okùn so mọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Màmá wo ojú Dúródọlá títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá yíjú sí Láoṣebíkan.

"Àna mi, ṣé ojú mi ló ti fọ́ ni, àbí ìkòkò ni mò ń wò yìí?"

"Ìkòkò ni, Màmá," ni Dúródọlá dáhùn. "Alákàn ló wọ akoto wọn lọ."

"Wọn ò rí alákàn náà lù?"

"Ó ń wò wọ́n, òpó tí wọ́n jù sì ń gbá wọn lórí."

Màmá bá mirí. "Alákàn tí kò lórí rí orí ṣọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lórí ń fi gba igi. Ẹ bọ́ ìkòkò yẹn, ká rí nǹkan sebẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."